Kóró kọfí tí a fẹ́ yan nílé: ọwọ́ ta ni ká ti rà á?

Ìbéèrè tó dé sí wa nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń yan kọfí fúnra mi nínú agbada. Kílò márùn-ún tí mo rà gbẹ̀yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àrábíkà Mambilla ni ẹni tó tà á fún mi pè é. Nígbà tí mo yan án, àwọn kóró kan dúdú bí èédú, àwọn kan ò kúrò ní àwọ̀ ẹ̀pà, ẹnu mi sì ń rùn bí àpò ìdọ̀họ lẹ́yìn tí mo mu ún tán. Ẹnìkan ní kí n máa wá èyí tí kóró rẹ̀ tóbi. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú máa rà á láti òkè òkun. Báwo ni mo ṣe máa rí oníṣòwò tí mo lè fọkàn tán?"

Ẹ ṣeun tí ẹ bi wá. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ta ló ba kọfí náà jẹ́, ẹni tó tà á ni àbí ẹni tó yan án? Ọwọ́ ta sì ni kí ẹ ti rà á nígbà mìíràn? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èkíní, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ba kóró jẹ́ kò ní mọ ohun tó yẹ kó bi oníṣòwò. Ẹni bẹ́ẹ̀ á kàn máa ti ọ̀dọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni, owó á sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ ọjà náà ná. Kóró kọfí tútù là ń pè é torí pé iná kò tíì kàn án, kì í ṣe pé ó rin. Kóró tó dára gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá sì ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra fún "green coffee". Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn tà ní Nàìjíríà, tíì àti hóró oògùn tí wọ́n ní ó ń dín ikùn kù ni, kò bá iṣẹ́ wa tan rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ra kóró tí wọ́n tọ́jú fún gbígbìn, bó ti wù kó dára lójú tó, torí wọ́n lè ti fi oògùn ra á kí kòkòrò ilẹ̀ má bàa jẹ ẹ́.

Ó dáa, ẹ wọn gíráàmù 350 nínú ìyókù kọfí náà. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń dá kọfí sí ìpele ní àgbáyé ń lò nìyẹn. Ẹ dà á sórí àwo funfun pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé e síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ wà, torí gílóòbù inú ilé máa ń fi àwọ̀ tan ni jẹ. Irú kọfí méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà, àrábíkà àti rọ̀bọ́sítà. Ẹ mú kóró kan, kí ẹ yí i títí ẹ ó fi rí ilà tó là á láàárín. Bí kóró náà bá gùn díẹ̀ bí ẹyin aláǹgbá, tí ilà rẹ̀ sì wọ́ bí ejò, àrábíkà ni. Bó bá rí ribiti, tí ilà náà lọ tààrà, rọ̀bọ́sítà ni. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún kóró bẹ́ẹ̀. Bí ogún tàbí ọgbọ̀n nínú wọn bá jẹ́ ribiti, wọ́n ti po méjèèjì pọ̀ fún yín, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí yíyan yín rí ṣákaṣàka, torí àwọn méjèèjì kì í jinná lásìkò kan náà. Rọ̀bọ́sítà ló pọ̀ jù nínú kọfí tí a ń gbìn ní Nàìjíríà: apá Kabba ní Ìpínlẹ̀ Kogí, Èkìtì, Oǹdó, títí dé Cross River. Àrábíkà ń fẹ́ ibi tó ga tó sì tutù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí òkè Mambilla ní Taraba, ní agbègbè Gembu, ló ti ń wá ní pàtàkì. Òkè náà ga tó nǹkan bí mítà 1,600, orí rẹ̀ náà sì ni tíì Kakara ti ń wá. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, owó àrábíkà sì ju ti rọ̀bọ́sítà lọ, nítorí náà ó rọrùn fún ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run láti pò wọ́n pọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yín tó láti mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣa kóró náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó dúdú kí iná tó kàn án ti kú sórí igi, tàbí kó ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣà á. Èyí tó pupa rúsúrúsú, tó ń rùn bí ògì tó ti kan jù, pẹ́ nínú èèpo rẹ̀ tàbí nínú omi ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó ní ihò kékeré bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, kòkòrò ló wọ inú rẹ̀. Èyí tí nǹkan funfun tàbí eérú bò lójú ti bu, ẹ má fi ṣeré rárá. Oró kan tó ń jẹ́ ochratoxin A wà tí irú èébu bẹ́ẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ nínú kóró. Yíyan a máa dín in kù, kì í pa á tán. Nínú ìlànà àgbáyé fún kọfí tó dára jù, kóró dúdú, kóró kíkan tàbí èyí tó bu kò gbọ́dọ̀ sí nínú gíráàmù 350 yẹn, àbùkù kéékèèké kò sì gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ. Ẹ lè má rí irú rẹ̀ ní ọjà wa nírọ̀rùn. Ìwọ̀n tí mo rò pé ènìyàn lè gbà ni pé bí ohun tí ẹ ṣà dànù bá ju gíráàmù 20 lọ nínú 350, kí ẹ fi ọjà náà sílẹ̀, àyàfi bí owó yín kò bá ká èyí tó sàn jù ú lọ.

Àwọn tí kò kúrò ní àwọ̀ ẹ̀pà ńkọ́? Kóró tí kò gbó ni wọ́n. Ó ṣòro láti mọ̀ wọ́n kí a tó yan wọ́n, àyàfi pé wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì rí pẹlẹbẹ, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ wọn típẹ́típẹ́. Lẹ́yìn yíyan, ẹ jẹ ọ̀kan lẹ́nu: bí pépà ló máa ń rí, kò ní dídùn, kò ní kíkorò. Ohun tó fà á kò jìn. Èso kọfí kì í pọ́n pa pọ̀ lórí ẹ̀ka kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa á padà síbi igi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pupa nìkan ni yóò sì máa já. Ṣùgbọ́n bí alájàpá bá ń san iye kan náà lórí èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n, kí ni àgbẹ̀ yóò padà sóko lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún? Á fa gbogbo ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Nítorí náà, oníṣòwò tó ń sanwó lé èyí tó pọ́n fún àgbẹ̀ ni ẹ ń wá. Òun nìkan ló lè ta kóró tó dọ́gba fún yín.

Òórùn àpò ìdọ̀họ yẹn, ogbó ló fà á. Kóró kọfí tuntun máa ń ní àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀, àrábíkà tí wọ́n fọ̀ tilẹ̀ máa ń fi àwọ̀ aró díẹ̀ hàn, òórùn rẹ̀ sì dà bí koríko tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tàbí ẹ̀wà gbígbẹ. Èyí tí wọ́n sá tòun tèèpo lè pọ́n díẹ̀, ẹ má torí ìyẹn pè é ní ògbólógbòó. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan bá kọjá lórí rẹ̀ nínú àpò ìdọ̀họ, lábẹ́ páànù gbígbóná, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, adùn rẹ̀ á sì kú. Kò sí ọgbọ́n yíyan tó lè dá a padà. Láti bí ìparí ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun ni wọ́n máa ń kórè ní ilẹ̀ wa, tí ọyẹ́ á sì bá wọn gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá ra kọfí ní oṣù kẹwàá, tí oníṣòwò ní "tuntun ni", ó kéré tán ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Ìyẹn kò burú bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Ohun tó burú ni kí ẹni tó ń tà á má mọ oṣù tí wọ́n kórè rẹ̀.

Ọ̀rinrin ṣe pàtàkì bí ogbó. Ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára jù. Bó bá kọjá 12.5, ó lè bu nínú àpò; bó bá wá sílẹ̀ ju 9 lọ, á máa fọ́, á sì jóná kíákíá nínú agbada. Ẹ bu kóró kan jẹ: bí eyín bá wọlé tó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, kò tíì gbẹ. Àwọn tó ń ra kòkó nítòsí yín máa ń ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin, ẹ lè bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá ó ní ojú ìwọ̀n fún kọfí, torí nọ́ńbà tó bá fún kòkó kò bá kọfí mu.

Wàyí o, apá tiyín. Agbada ìdáná lè ba kọfí rere jẹ́, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Bí kóró kan náà bá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì pupa, iná yín ló pọ̀ jù tàbí ẹ kò rò ó tó. Bí kóró kan bá dúdú yípo, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì funfun yípo, ọjà lẹ máa dá lẹ́bi. Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ ṣa gíráàmù 150 títí kò fi ní àbùkù kan tí ojú lè rí, kí ẹ yan án lórí iná tí kò le, kí ọwọ́ má dúró. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa ta pàù pàù bíi gúgúrú. Kóró náà ti gbóná tó nǹkan bí 200°C nígbà yẹn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì sí i, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, kó tutù kíákíá. Bó bá dọ́gba báyìí, ẹ ti mọ ibi tí ẹ̀bi wà.

Ní ti pé kí ẹ máa wá kóró ńlá, ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kenya ni wọ́n ti ń kọ AA sára àpò. Títóbi nìkan ni lẹ́tà yẹn ń sọ, pé ajọ̀ tí ihò rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 7 kò jẹ́ kó jò. Kò sọ ohunkóhun nípa adùn. Ohun tí ẹni tó ń yan nílé nílò ni pé kí wọ́n dọ́gba, torí kóró kékeré á ti jóná kí ńlá tó jinná. Kóró kékeré tó dọ́gba sàn ju ńlá tó ní ẹgbẹ́ kéékèèké nínú lọ.

Ibo wá ni kí ẹ lọ? Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, wọn ò sì dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni alájàpá ọjà àti ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjà rẹ̀ kì í wọ́n, ó sì máa ń tà á díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an kì í sábà mu kọfí, ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọjà náà sì ti gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fúnra wọn, ní Kabba tàbí ní Mambilla. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ti lè gbọ́ ìtàn kóró náà láti ẹnu ẹni tó já a, ṣùgbọ́n àpò ńlá ni wọ́n fẹ́ tà, ẹni tó ń mu ife méjì lójúmọ́ kò sì ní mu ún tán kó tó gbó. Ẹ lè kó ara yín jọ ní márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ẹ pín in. Ìbàdàn lẹ wà, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, kò jìnnà sí yín ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Kọfí wà lára iṣẹ́ wọn pẹ̀lú, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Kusuku lórí òkè Mambilla. Ibẹ̀ dára láti béèrè ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń yan kọfí tà ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Àbújá. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ. Wọ́n ti ra àpò, wọ́n ti ṣà á, wọ́n ti tọ́ ọ wò, owó tiwọn sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ra kọfí burúkú kò ní rí oníbàárà lọ́la. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn kílò méjì tàbí mẹ́ta fún yín nínú ohun tí àwọn náà ń yan. Àwọn kan á kọ̀, torí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ti ilé yín lẹ ń yan. Owó rẹ̀ á ga díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni òkè òkun. Kọfí Ethiopia tàbí Colombia tó dára wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóró tí a kò tíì yan, nǹkan ọ̀gbìn ni lójú òfin. Ó ń fẹ́ ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀. Wàhálà yẹn kò yẹ kílò márùn-ún. Bó bá wù yín láti tọ́ ọ wò, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń yan kọfí tà tó ti gba ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, ọ̀rọ̀ tiyín rọrùn: àwọn ilé ìtajà tó ń ta kóró fún ẹni tó ń yan nílé wà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti bí ìdajì kílò. Ẹ yan èyí tó bá kọ ìgbà ìkórè sára ọjà. Ẹ̀yin ti Togo, rọ̀bọ́sítà wà nítòsí yín ní Kpalimé, ní Badou àti ní Atakpamé, ìlú tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ wà.

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá lọ bá, ẹ bi í pé: oko ibo ló ti wá? Oṣù wo ni wọ́n kórè rẹ̀? Ṣé wọ́n bó o, wọ́n sì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sá a, àbí tòun tèèpo ni wọ́n sá a? Orí pẹpẹ ni wọ́n sá a sí àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Inú kí ló wà láti ìgbà náà? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́ta, tó sì ní "mi ò mọ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n béèrè", ẹ di ẹni bẹ́ẹ̀ mú. Ẹni tó ní ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ láìronú, tó tún fi kún un pé kọfí òun ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ kí i kí ẹ máa lọ. Ìbéèrè kan tún wà tí ojú máa ń ti àwọn ènìyàn láti béèrè: ṣé wọ́n fi oògùn kòkòrò sí i nínú ilé ìpamọ́? Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn kan ń fi Sniper ṣe sí ẹ̀wà, títí NAFDAC fi gbẹ́sẹ̀ lé títa ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Ẹ má gbójú lé iná agbada pé yóò jó oògùn náà tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ra gíráàmù 350 fún àyẹ̀wò kí ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ fi ìwọ̀nba sínú ìgò tó ní ìdérí, kó sùn mọ́jú, kí ẹ ṣí i láàárọ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èéfín, epo bẹntiróòlù, èébu, gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde síta. Ẹni tí kò bá fẹ́ ta ìwọ̀n àyẹ̀wò fún yín, ó ní ìdí tó fi kọ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjà kan jẹ́ ₦10,000 ní kílò, tí ẹ sì ní láti ṣa ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dànù. Kílò 5 di 4. Yíyan á gba nǹkan bí ìdá 15 sí i, ó ku 3.4. Kílò kọfí yíyan kan ti di ₦14,700. Ká ní ọjà kejì jẹ́ ₦13,000, tí ìdá 2 péré jẹ́ àbùkù: á ku bíi kílò 4.16, kílò kan á sì jẹ́ ₦15,600. ₦900 péré ló wà láàárín wọn, wákàtí tí ẹ fi ṣà á kò sì sí nínú ìṣirò náà. Ẹni tí kò rí owó ọjà kejì lè ra ti àkọ́kọ́ kó sì ṣà á dáadáa, kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rọ̀bọ́sítà. Ti Kabba tí wọ́n já ní pupa, tí wọ́n sì sá lórí pẹpẹ, sàn ju àrábíkà tó ti gbó lọ fíìfíì. Ó korò díẹ̀, ó lágbára, ó sì bá mílíìkì mu gan-an.

Ife méjì lójúmọ́ ń gba nǹkan bíi gíráàmù 30 kọfí yíyan, ìyẹn kílò kan àti díẹ̀ kóró tútù lóṣù. Nítorí náà, ẹ má ra ju kílò mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, kódà lọ́wọ́ oníṣòwò tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá nípọn tí ẹ dè pinpin, nínú ike onídìérí, jìnnà sí òkúta káńfọ̀, kẹrosíìnì àti pańla, torí kóró kọfí máa ń fa òórùn mọ́ra. Bí ẹ bá fura sí kòkòrò, ẹ gbé e sínú fìrísà fún ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó yọ́ tán pátápátá kí ẹ tó ṣí i, kí omi má bàa gbá a.

Ní ti ìyókù kílò márùn-ún yẹn, bí ẹ bá rí kóró tó bu tó ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú gíráàmù 350, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Bó bá jẹ́ ogbó àti kóró àìgbó nìkan ló ń ṣe é, ẹ ṣà á, ẹ yan án kó dúdú díẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń ṣe lọ, kí ẹ ṣa àwọn funfun kúrò lẹ́yìn yíyan, kí ẹ sì máa fi mílíìkì mu ún. Kò ní di kọfí rere, ṣùgbọ́n òórùn àpò yẹn á dín kù.